Èló Ni Òógùn?

Dókítà ò fún mi ní oògùn,
òógùn ló kọ fún mi.
Ó ní kí n lọ wá nǹkan gbé.
Mo rẹ́rìn-ín títí awò ojú mi fi bọ́:
èmi tí mo ti ń gbé pákó létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́
láti ìgbà tí mi ò tíì pààrọ̀ eyín tán,
èmi tí ọkọ̀ mẹ́tàdínlógójì jáde lábẹ́ òòlù mi!
Ó ní, "Bàbá, ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́rin rèé tẹ́ ẹ ti jókòó.
Ẹ̀jẹ̀ yín ń ru bí omi oṣù kẹsàn-án."

Bí mo ṣe dé jíìmù Múdàṣírù nìyẹn,
lókè ilé tí wọ́n ti ń ta táyà ní Òkè-Bálógun.
Ọmọ náà fẹ́ dọ̀bálẹ̀,
ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ ọn lára ò jẹ́ kó délẹ̀.
"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóṣù, Bàbá.
Ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún fọ́ọ̀mù."

Fọ́ọ̀mù! Ṣé ilẹ̀ ni mo wá rà ni?
Mo yọ awò ojú, mo nù ún, mo tún un wọ̀.
Ẹni tó bá yára dá iye lóhùn, àpò rẹ̀ ló fi ń dáhùn.
Mo ní, "Lọ́dọ̀ tèmi, ẹni tó gbẹ́rù là ń sanwó fún.
Ìwọ, mo fẹ́ bá ọ gbé irin rẹ, o tún ní kí n sanwó.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà."
Ó káwọ́ lérí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri bí ẹni tó ń yẹ pákó wò kó tó rà á.
Ẹ̀rọ ìsáré méjì: ọ̀kan ti kú, ọ̀kan ń dúró de iná.
"Ọjọ́ mélòó ni iná ń wá lọ́sẹ̀?"
"A ní jẹnẹrétọ̀, Bàbá."
"Mi ò bi ọ́ ní jẹnẹrétọ̀."
Ó ní ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà mìíràn, méjì.
Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń sùn lé gbé irin,
ó ké kíín. Oríkèé igi rẹ̀ ti yẹ̀.
Ẹni tó bá fẹ́ sùn lé èyí, sàráà ni kó kọ́kọ́ ṣe.

Ló bá já a sí mẹ́wàá, ló bá gbàgbé fọ́ọ̀mù.
Lójijì ojú rẹ̀ là: "Ẹ bá mi tún bẹ́ǹṣì ṣe,
kẹ́ ẹ máa wá lọ́fẹ̀ẹ́ fóṣù kan."

Rárá o.
Má da iṣẹ́ ọwọ́ mi pọ̀ mọ́ owó mi nínú ìkòkò kan.
Bẹ́ǹṣì ní iye tirẹ̀. Mú pákó wá lọ́la,
èmi ni màá dá iye lé e, ìwọ ni wàá máa bẹ̀.

Mo ní méje. Ó ní mẹ́sàn-án. Mo ní méje àbọ̀.
Ó wolẹ̀. Mo rí i tó ń fi ìka ṣírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan:
owó ilé, epo, ọmọ tó ń nu irin.
"Ó dáa, Bàbá. Ẹ mú un wá."

Mo mọ ohùn yẹn.
Èmi náà ti fi sọ̀rọ̀ rí,
lọ́dún tí Àlájì Bùsárì ná ọkọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́
títí mo fi ní "ẹ mú un wá", nítorí owó iléèwé.
Pákó tín-ín-rín ni mo fi kàn án. Mi ò sọ fún un.
Ọkọ̀ náà ò rì o.
Ṣùgbọ́n bí ìjì bá ti ń jà lójú ọ̀sà lóru,
mo máa ń jí, mo máa ń ka àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ka ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án sí i lọ́wọ́.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó rò pé ojú ló ń dùn mí.
"Bàbá, méje àbọ̀ la sọ."
Mo ní mo mọ̀. Kó fi ìyókù repo.

Ó gbé irin kékeré méjì fún mi, aláwọ̀ aró,
bí ohun ìṣeré ọmọdé.
Mo gbé e lẹ́ẹ̀mẹwàá.
Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: òógùn bò mí.

Nígbà tí mo délé, Ìyá Múìnátù bi mí pé èló.
Mo ní méje àbọ̀.
Mo ṣáà ná an débẹ̀.